Àmánà Ilé: Ojúṣe Ẹni Tí Kọ́kọ́rọ́ Wà Lọ́wọ́ Rẹ̀

Kútúbà Àkọ́kọ́

Gbogbo ọpẹ́ àti ẹyìn ń jẹ́ ti Allāh, Ọba tí ó gbé sánmọ̀ ró láìsí òpó tí ojú wa rí, tí ó sì tẹ́ ilẹ̀ kí ẹ̀dá lè rí ibùgbé. A ń dúpẹ́ fún un, a ń wá ìrànlọ́wọ́ rẹ̀, a sì ń tọrọ àforíjìn lọ́dọ̀ rẹ̀. A jẹ́rìí pé kò sí ọba kan tí ìjọsìn tọ́ sí àfi Allāh nìkan ṣoṣo, a sì jẹ́rìí pé Ànábì Muhammad ẹrú rẹ̀ ni, òjíṣẹ́ rẹ̀ sì ni. Kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, kí ó máa bá àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn Sàhábà rẹ̀, àti gbogbo ẹni tí ó bá tọ ipasẹ̀ wọn títí di ọjọ́ àjíǹde.

Lẹ́yìn náà, ẹ̀yin ẹrúsìn Ọlọ́hun, mo ń sọ fún ara mi, mo sì ń sọ fún ẹ̀yin náà pé kí a páyà Ọlọ́hun. Ìpayà Ọlọ́hun kò mọ sí orí ẹní ìkírun. Ó ń bá ènìyàn wọ ọjà, ó ń bá a wọ ọ́fíìsì, ó sì ń bá a dé ẹnu ọ̀nà ilé tí kì í ṣe tirẹ̀ ṣùgbọ́n tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà nínú àpò rẹ̀. Nípa kọ́kọ́rọ́ bẹ́ẹ̀ ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ lónìí.

Ìlú Èkó yìí, àti Ìbàdàn, àti Abẹ́òkúta, kún fún ilé tí ẹni tí ó kọ́ wọn kò gbé inú wọn. Òmíràn wà ní London tàbí Houston, ó ń ṣe iṣẹ́ òru, ó ń fi owó ránṣẹ́ díẹ̀díẹ̀ títí òrùlé fi lọ. Òmíràn ti darúgbó, ẹsẹ̀ kò gbé e dé àdúgbò tí ilé náà wà mọ́. Òmíràn ti kú, ó fi ilé sílẹ̀ fún opó àti ọmọ òrukàn. Àwọn mìíràn ni wọ́n ń gbé inú ilé wọ̀nyí, wọ́n ń san owó. Láàrin ẹni tí ó ni ilé àti ẹni tí ń gbé inú rẹ̀ ni ọkùnrin tàbí obìnrin kan wà tí à ń pè ní alámòójútó. Àwọn kan ń pè é ní kiatékà, àwọn kan ń pè é ní ejẹ́ǹtì. Àwọn kan kọ́ iṣẹ́ náà ní yunifásítì, ìjọba àpapọ̀ sì ti ní òfin tí ó de iṣẹ́ tiwọn láti ọdún 1975. Orúkọ yòówù tí a bá pè é, òun ni ó ń gba owó ilé, òun ni ó ń pe bíríkìlà àti púlọ́ńbà, òun ni ó ń sọ ẹni tí yóò wọlé àti ẹni tí yóò jáde. Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tí ẹ jókòó níbí ni ẹ ń ṣe é láìpè é ní iṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n yín tí ó wà ní òkè òkun ni ó ní kí ẹ bá òun fojú sí ilé òun.

Nínú Súrà An-Nisai, ẹsẹ 58, Ọlọ́hun pa wá láṣẹ pé kí a dá àmánà padà fún àwọn tí wọ́n ni ín. Ọ̀pọ̀ àwọn onítúmọ̀ Àlùkùránì ni ó ti sọ ohun tí ó bí ẹsẹ yìí, ọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́ ilé ni. Ní ọdún kẹjọ lẹ́yìn Híjírà, nígbà tí Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun wọ Mẹ́kà pẹ̀lú ìṣẹ́gun, ọwọ́ Uthman ọmọ Talha ni kọ́kọ́rọ́ Káábà wà. Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun gba kọ́kọ́rọ́ náà, a ṣí ilẹ̀kùn fún un, ó wọlé. Nígbà tí ó jáde, wọ́n bẹ̀ ẹ́ láti inú ẹbí tirẹ̀ pé kí ó fi kọ́kọ́rọ́ náà lé àwọn lọ́wọ́. Ẹ rántí pé lọ́jọ́ náà, kò sí ẹni tí ó lè yẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ wò ní gbogbo Mẹ́kà. Síbẹ̀, Uthman ni ó pè, ó sì dá kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ padà fún un. Ìdílé yẹn ni ó ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ Káábà títí di òní, ó ti lé ní 1,300 ọdún. Wọ́n ń ṣọ́ ọ, wọn kò ní in.

Irú ènìyàn wo ni a lè fi kọ́kọ́rọ́ lé lọ́wọ́? Nígbà tí Ànábì Musa dé Mádíyánà, tí ó bá àwọn ọmọbìnrin méjì fún ẹran wọn lómi, ọ̀kan nínú wọn gba bàbá wọn nímọ̀ràn pé kí ó gbà á síṣẹ́. Ìdí méjì ni ó sọ, pé ó lágbára, pé ó sì ṣeé fọkàn tán. Ẹ lè kà á nínú Súrà Al-Qasas, ẹsẹ 26. Ànábì Yusuf náà, nígbà tí ó ní kí ọba Íjíbítì fi òun ṣe olórí ilé ìṣúra, sọ pé òun mọ nǹkan ṣọ́, òun sì ní ìmọ̀ rẹ̀. Èyí wà nínú Súrà Yusuf, ẹsẹ 55. Ẹ rí i pé nínú méjèèjì, òótọ́ nìkan kò tó, mímọ̀-ọ́n-ṣe gbọ́dọ̀ wà pẹ̀lú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí àwa bá fẹ́ yan ẹni tí yóò bójú tó ilé, ohun kan ṣoṣo ni a sábà máa ń wò: ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni, kò sì níṣẹ́ lọ́wọ́. Àánú dára. Ẹ fi owó yín ṣàánú rẹ̀. Ẹ má fi òrùlé tí ogún ènìyàn ń sùn lábẹ́ rẹ̀ ṣe é.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí owó, nítorí ibẹ̀ ni àmánà yìí ti kọ́kọ́ máa ń bàjẹ́. Al-Bukhari gbà á wá pé Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun fún Urwa al-Bariqi ní dínárì kan pé kí ó bá òun ra àgùntàn kan. Urwa lọ sí ọjà, ó fi dínárì náà ra àgùntàn méjì, ó ta ọ̀kan ní dínárì kan, ó sì padà wá pẹ̀lú àgùntàn àti dínárì. Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun ṣe àdúà àlùbáríkà fún un nínú òwò rẹ̀. Ẹ wo ohun tí Urwa kò ṣe. Kò fi dínárì kan sápò kí ó wá gbé àgùntàn kan wá pé iṣẹ́ tí wọ́n rán òun ni òun jẹ́ yìí. Ọgbọ́n rẹ̀ ni ó mú èrè wá, síbẹ̀ ó mọ̀ pé orí owó ẹni tí ó rán òun ni èrè náà ti hù.

Ẹ gbé e wá sí ọ̀dọ̀ wa. Ká sọ pé onílé ní kí a gba 500,000 náírà lọ́dún lórí ilé oníyàrá kan àti pálọ̀. Alámòójútó rí i pé àdúgbò ti gbówó lórí, ó gba 650,000 lọ́wọ́ ayálégbé, ó sì ránṣẹ́ sí onílé pé 500,000 náà ti wọlé. Tí a bá bi í, yóò ní òun ni òun jà fún àfikún. Kò sí àdéhùn láàrin wọn pé àfikún jẹ́ tirẹ̀. Owó onílé ni 150,000 yẹn. Òmíràn kò tilẹ̀ wá ayálégbé rárá. Ó sọ fún onílé pé ilé náà ṣófo, ọjà kò tà, nígbà tí ó jẹ́ pé ó ń yá a fún àwọn ènìyàn ní alẹ́ kan, alẹ́ méjì, tí ó sì ń gba owó rẹ̀ sápò láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé ìparí. Òmíràn gba owó wíwo ilé lọ́wọ́ ogún ènìyàn lórí yàrá kan tí ó mọ̀ pé ẹlòmíràn ti sanwó rẹ̀ tán. Èyí kò ní orúkọ mìíràn ju olè lọ, bí ó tilẹ̀ wọ kóòtù, tí ó de táì.

Ẹ̀bùn náà ń bẹ, òun ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kò kà sí nǹkan. Nínú Hádíìsì tí Abu Humayd as-Sa'idi gbà wá, tí ó wà nínú ìwé Al-Bukhari àti ti Muslim, Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun rán ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Ibn al-Lutbiyya láti lọ gba sàká. Nígbà tí ó dé, ó pín ohun tí ó kó bọ̀ sí méjì: ó ní apá kan jẹ́ ti yín, apá kejì ni wọ́n fi ta òun lọ́rẹ. Inú Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun kò dùn sí i. Ó gun orí mímbárì, ó sì béèrè pé ká ní ọkùnrin náà jókòó sí ilé bàbá tàbí ìyá rẹ̀ ni, ṣé ẹnikẹ́ni yóò gbé ẹ̀bùn yẹn wá bá a níbẹ̀? Ẹ̀yin tí ẹ ń pe púlọ́ńbà wá tún pọ́ǹpù ṣe, iṣẹ́ 40,000 náírà, tí púlọ́ńbà sì kọ rìsíìtì 60,000 kí ẹ lè rí nǹkan mú sílé, ẹ béèrè ìbéèrè yẹn lọ́wọ́ ara yín. Ẹ béèrè rẹ̀ pẹ̀lú nígbà tí ayálégbé bá gbé ẹran iléyá wá fún yín nítorí kí ẹ má baà sọ fún onílé pé ó ti fi yàrá kan fún ẹlòmíràn.

Àwọn kan yóò ní, “Lèmọ́mù, onílé náà kì í sanwó fún mi. Ọdún kẹta rèé tí mo ń ṣe wàhálà ilé rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.” Ó lè jẹ́ òótọ́, a ó sì dé ọ̀dọ̀ onílé láìpẹ́. Ṣùgbọ́n Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun, nínú ohun tí Abu Dawud àti At-Tirmidhi gbà wá, ní kí a dá àmánà padà fún ẹni tí ó fọkàn tán wa, kí a má sì da ẹni tí ó dà wá. Ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ ní ẹnu láti fi béèrè, ó sì ní ẹsẹ̀ láti fi kúrò nídìí iṣẹ́ náà. Kò ní ọwọ́ láti fi mú un nínú owó ilé.

Owó iṣẹ́ alámòójútó fúnra rẹ̀ jẹ́ halálì. Al-Bukhari mẹ́nu kàn án pé Ibn Sirin, Ata, Ibrahim àti Al-Hasan kò rí àbùkù nínú owó iṣẹ́ alágbàtà. Ohun tí ẹ̀sìn ń béèrè ni pé kí owó náà jẹ́ mímọ̀. Bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ni, ẹ sọ ọ́. Bí iye kan lóṣù ni, ẹ sọ ọ́, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹsẹ tí ó gùn jù lọ nínú Àlùkùránì, ẹsẹ 282 nínú Súrà Al-Baqara, orí kíkọ àdéhùn gbèsè sílẹ̀ àti pípe ẹlẹ́rìí ni ó dá lé. Ó máa ń yà mí lẹ́nu pé àwa tí a ń ka ẹsẹ yìí ni a máa ń sọ pé láàrin ọmọ ìyá, kò sí ìwé.

Ẹ̀yin ẹrúsìn Ọlọ́hun, a lè rí ẹni tí kò jí kọ́bọ̀ tí ó sì da àmánà, nítorí ilé fúnra rẹ̀ ni wọ́n fi lé e lọ́wọ́. Omi ni ọ̀tá ilé ní ilẹ̀ wa. Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹrin, ìṣó kan tí ó bọ́ lórí páànù ti tó. Omi yóò máa kán sórí pákó, pákó yóò rà, sílíìnì yóò ya. Bí tánkì bá ń jò sórí dẹ́kì, omi yóò wọ inú kọnkéré lọ bá irin tí ó wà nínú rẹ̀. Irin yóò dípẹtà, irin tí ó dípẹtà yóò wú, yóò sì máa ti kọnkéré já bọ́ láti inú wá. Ayálégbé yóò jí ní òwúrọ̀, yóò rí èérún kọnkéré lórí bẹ́ẹ̀dì ọmọ rẹ̀, yóò lọ sọ fún kiatékà. Kiatékà yóò ní òun ti gbọ́. Lẹ́yìn oṣù méjì, wọn yóò gbé ọ̀dà wá, wọn yóò fi kun ibẹ̀. Ọ̀dà funfun balau lórí irin tí ó ti jẹ tán! Ẹni tí ó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ yóò gun òrùlé nígbà ọyẹ́, kí òjò tó dé, yóò wo páànù àti ọ̀pá tí ń gbé omi òjò sọ̀kalẹ̀, yóò kó ewé kúrò nínú gọ́tà. Yóò mọ ọjọ́ tí wọ́n kó kòtò ìgbọ̀nsẹ̀ kẹ́yìn, yóò sì mọ bí kòtò náà ṣe jìnnà sí kànga tí àwọn ará ilé ń pọn. Yóò kọ̀ fún ẹnikẹ́ni láti gbé jẹnẹrétọ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ní òru, nítorí májèlé tí ó wà nínú èéfín rẹ̀ kò ní òórùn, ẹni tí ó bá sùn kò ní mọ̀ títí yóò fi pa á. Yóò wo wáyà tí yàrá mẹ́jọ gbé lé lórí. Kò sí èyí tí ó le nínú gbogbo rẹ̀. Ogiri tí kò bá lanu, alángbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Iṣẹ́ alámòójútó ni láti tètè rí ẹnu náà.

Ní Ọjọ́rú, ọjọ́ 13 oṣù kẹta ọdún 2019, ilé kan wó ní Ìta Fájì, ní Erékùṣù Èkó. Àwọn ènìyàn ń gbé inú rẹ̀, ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ kékeré sì wà lókè rẹ̀. Ènìyàn 20 ni wọ́n kà mọ́ òkú. Àwọn aláṣẹ ìjọba sọ lẹ́yìn náà pé wọ́n ti sàmì sí ilé náà tẹ́lẹ̀ pé ó yẹ ní wíwó. A kò jókòó níbí láti dá ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́ lórí èyí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ẹni tí kọ́kọ́rọ́ ilé kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, tí ó ti rí ọ̀dà pupa àwọn ìjọba lára ogiri rẹ̀, tí ó sì ń gba owó ọdún kan lọ́wọ́ ayálégbé tuntun, jẹ́ kí ó mọ ohun tí ó ń tà. Bí onílé bá kọ̀ láti tún un ṣe, kí ó kọ ìwé sí i, kí ó sọ fún àwọn tí ń gbé ibẹ̀, kí ó sì fi kọ́kọ́rọ́ náà sílẹ̀.

Àwọn onímọ̀ nípa òfin ẹ̀sìn ti là á yé wa. Ọwọ́ alámòójútó jẹ́ ọwọ́ àmánà. Bí ìjì bá ká òrùlé lọ, tàbí bí olè bá fọ́lé láìsí àìbìkítà tirẹ̀, kò ní san nǹkan kan. Ṣùgbọ́n bí ó bá kọjá ààlà, tàbí bí ó bá rí ewu tí ó dákẹ́, ọ̀rùn rẹ̀ ni àdánù náà wà.

Ọ̀rọ̀ tí ó wúwo jù lọ́kàn mi lónìí ni ti ilé ogún. Bàbá kú, ó fi ilé kan sílẹ̀ tí àwọn ayálégbé wà nínú rẹ̀. Àbúrò bàbá tàbí dáwódù gba kọ́kọ́rọ́, wọ́n ní kí ilé má baà tú. Ọdún kọjá, òmíràn tẹ̀ lé e, opó kò mọ iye tí ayálégbé ń san. Bí owó ilé-ìwé ọmọ bá tó san, yóò lọ kúnlẹ̀ bẹ̀bẹ̀ fún ohun tí ó jẹ́ ẹ̀tọ́ rẹ̀, wọn yóò sì ki owó díẹ̀ bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ bí ẹni ń ṣe sàráà. Súrà An-Nisai, ẹsẹ 10, sọ pé iná ni ẹni tí ó ń jẹ dúkìá ọmọ òrukàn pẹ̀lú àbòsí ń jẹ sí ikùn ara rẹ̀. Ẹsẹ 6 nínú súrà kan náà sì ti ṣètò rẹ̀: alábòójútó tí ó bá rí jẹ, kí ó mójú kúrò, èyí tí kò bá rí jẹ, kí ó mú ìwọ̀nba tí ó tọ́, bí àkókò bá sì tó láti gbé dúkìá fún wọn, kí ó pe ẹlẹ́rìí.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò kan, nítorí àwọn kan máa ń sọ pé owó ilé kò ṣeé pín. Ká sọ pé ọkùnrin kan kú, gbèsè rẹ̀ àti wàsíyà rẹ̀ ti kúrò nílẹ̀, àwọn òbí rẹ̀ kò sí láyé, ó fi ìyàwó kan, ọmọkùnrin méjì àti ọmọbìnrin mẹ́ta sílẹ̀. Lẹ́yìn tí a yọ owó àtúnṣe àti owó iṣẹ́ tí wọ́n fohùn ṣọ̀kan lé lórí, ó ku 1,600,000 náírà nínú owó ilé ọdún náà. Ìyàwó ni ó ni ìdá kan nínú mẹ́jọ, 200,000. Ó ku 1,400,000. Ọmọkùnrin kọ̀ọ̀kan gba ìpín méjì, ọmọbìnrin kọ̀ọ̀kan gba ìpín kan, gbogbo rẹ̀ jẹ́ ìpín méje. Ọmọkùnrin kọ̀ọ̀kan, 400,000. Ọmọbìnrin kọ̀ọ̀kan, 200,000. Kò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Ẹ wò ó bóyá orúkọ ẹ̀gbọ́n bàbá wà nínú rẹ̀.

Ẹ má sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ wọ̀nyí mú yín ro pé iṣẹ́ ègún ni iṣẹ́ yìí. Abu Musa al-Ash'ari gbà á wá, ó sì wà nínú ìwé Al-Bukhari àti ti Muslim, pé olùṣọ́ ìṣúra tí ó ṣeé fọkàn tán, tí ó ń san ohun tí wọ́n ní kí ó san ní pípé, tinútinú, fún ẹni tí wọ́n ní kí ó san án fún, ọ̀kan nínú àwọn méjì tí ó ṣe sàráà náà ni òun jẹ́. Kò ní kọ́bọ̀ nínú rẹ̀, síbẹ̀ Ọlọ́hun kọ láádá rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú ẹni tí ó ni owó. Ẹni tí ó ń fi owó ilé ránṣẹ́ sí opó ní ọjọ́ kìíní oṣù, láìyọ nǹkan kan níbẹ̀, kí ó mọ ohun tí ó ń kó jọ.

Mo sọ ọ̀rọ̀ mi yìí, mo sì ń tọrọ àforíjìn Ọlọ́hun fún èmi àti ẹ̀yin. Ẹ tọrọ àforíjìn rẹ̀, Aláforíjìn Aláàánú ni.

Kútúbà Kejì

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, kí ìkẹ́ àti ọlà sì máa bá Òjíṣẹ́ rẹ̀.

Ẹ̀yin onílé, ó kàn yín. Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun, nínú ohun tí Ibn Majah gbà wá, ní kí a san owó òṣìṣẹ́ kí òógùn rẹ̀ tó gbẹ. Ẹni tí ó ń ṣọ́ ilé yín fún ọdún mẹ́ta lórí “Ọlọ́hun á san án fún ẹ”, ẹ ti rẹ́ ẹ jẹ, ẹ sì ti fi ìdẹwò sí iwájú rẹ̀. Ẹ yọ nǹkan sílẹ̀ nínú owó ilé fún àtúnṣe. Ẹni tí kò fún alámòójútó ní owó páànù kò lè bí i léèrè òrùlé.

Ẹ̀yin alámòójútó, ayálégbé kì í ṣe ẹrú yín. Òfin ilé yíyá tí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní ọdún 2011, tí kò kan Ìkòyí, Victoria Island, Apápá àti GRA Ìkẹjà, sọ pé a kò gbọ́dọ̀ gbà ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun, àti pé a gbọ́dọ̀ fún un ní rìsíìtì. Ó ní bí àdéhùn mìíràn kò bá sí, ẹni tí ń san owó lọ́dọọdún gbọ́dọ̀ gba ìwé ìkìlọ̀ oṣù mẹ́fà kí a tó ní kí ó kó jáde. Ó ka fífi ipá lé ènìyàn jáde sí ẹ̀ṣẹ̀. Ẹni tí ó gba owó fún gbígbá àyíká, omi àti ẹ̀ṣọ́ gbọ́dọ̀ máa fi ìṣirò rẹ̀ han àwọn tí ó san án. Ṣé ẹ rántí Súrà Al-Mutaffifin, níbi tí Ọlọ́hun ti fi ègbé kọ ẹni tí ó ń gba òṣùwọ̀n kíkún tí ó sì ń wọn èyí tí ó dín fún ẹlòmíràn? A sábà máa ń ro pé orí àwọn oníràwọ́ gàrí ni ọ̀rọ̀ yẹn wà. Ẹni tí ó gba owó omi oṣù méjìlá, tí pọ́ǹpù sì ṣiṣẹ́ fún oṣù márùn-ún, ó wà níbẹ̀. Mo ti gbọ́ ti ẹni tí ó yọ ilẹ̀kùn ilé lára férémù nítorí pé obìnrin tí ń gbé ibẹ̀ jẹ gbèsè. Gbèsè ni obìnrin náà jẹ, kóòtù sì wà. Ihòòhò ilé ọmọlúàbí kọ́ ni a fi ń gba gbèsè.

Ẹ̀yin ayálégbé, ẹ san owó yín lásìkò, ẹ gba rìsíìtì, ẹ má sanwó sọ́wọ́ ẹni tí ẹ kò tíì mọ̀ bóyá onílé ni ó rán an. Ilé tí ẹ ń gbé, àmánà ni lọ́wọ́ tiyín náà.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan fún ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti ń sọ fún un láti ìgbà tí a ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn onímọ̀ sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ tí ó jẹ mọ́ ẹ̀tọ́ ènìyàn, ìtúúbá rẹ̀ kò pé títí ènìyàn yóò fi dá ẹ̀tọ́ náà padà, tàbí tí ẹni tí ó ni ín yóò fi yọ̀ǹda rẹ̀. Umura kò lè fọ owó ilé dànù. Kí ó délé, kí ó ṣí ìwé, kí ó kọ iye tí ó wọlé, iye tí ó jáde, àti iye tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ láìní ìdí. Bí owó ẹlòmíràn bá wà nínú àkáǹtì kan náà pẹ̀lú tirẹ̀, kí ó lọ ṣí òmíràn lọ́jọ́ Ajé. Kí ó pe onílé. Bí kò bá lè san án lẹ́ẹ̀kan náà, kí ó sọ ọ́, kí wọ́n jọ dá àkókò. Bí onílé ti kú, àwọn tí wọ́n jogún rẹ̀ ni kí ó wá rí.

Ọlọ́hun, dáríjì àwọn tí wọ́n kú sábẹ́ ilé tí ó wó, kí o sì tu àwọn òbí wọn nínú. Ọlọ́hun, ṣọ́ dúkìá àwọn ọmọ òrukàn àdúgbò yìí fún wọn títí wọn yóò fi dàgbà. Fún àwọn tí wọ́n ń wá ilé ní ilé tí agbára wọn ká. Jẹ́ kí a bọ́ nínú àmánà tí ó wà lọ́rùn wa kí a tó dé ọ̀dọ̀ rẹ. Àmín.

Ẹ dìde, kí ẹ to sàfù yín kí ó gún. Ẹ gbé ìrun dúró.